Land Rover Abẹ́ Dóńgóyárò: Ká Tọ́jú Ẹ̀ Ni, Àbí Ká Pa Á Dà?

Gbogbo wa la mọ Land Rover tó wà lábẹ́ igi dóńgóyárò lẹ́yìn yàrá iṣẹ́ ọwọ́. Láti ìgbà tí a ti gbọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa fẹ́ náwó sí i ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti di àríyànjiyàn ní yàrá oúnjẹ àti ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Àwọn kan ní kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀, kí wọ́n fi tòkunbọ̀ Toyota sí i, kí wọ́n rẹ́ òrùlé ẹ̀ dànù, kí wọ́n kùn ún ní dúdú kó máa dán. Àwọn kan ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án rárá. Èmi ò fara mọ́ apá méjèèjì, màá sì sọ ìdí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1948 ni ilé iṣẹ́ Rover ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé Land Rover jáde fáyé rí, níbi ìpàtẹ ọkọ̀ kan ní Amsterdam. Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì pẹ́ parí nígbà náà, irin sì wọ́n; ńṣe ni ìjọba ń wọ̀n ọ́n fún àwọn ilé iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí Maurice Wilks àtàwọn ènìyàn ẹ̀ fi fi alumíníọ̀mù ṣe ara ọkọ̀ náà. Ọ̀dà àwọ̀ ewé tí wọ́n kọ́kọ́ fi kùn ún, èyí tó ṣẹ́kù lára ọ̀dà ọkọ̀ òfuurufú ológun ni. Tiwa tó wà lábẹ́ igi yìí, Series III ni. Láàárín ọdún 1971 sí 1985 ni wọ́n ṣe irú ẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú ẹ̀, nọ́ọ̀tì ni wọ́n sì fi so ọ̀pọ̀ ara ẹ̀ pọ̀. Mẹkáníìkì tó bá ní sípánà àti sùúrù lè tú u palẹ̀, kó sì tún un tò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká má fọwọ́ kàn án, ẹ gbọ́ ná. Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bí irin, àmọ́ ṣáásì tó gbé gbogbo ara ọkọ̀ dúró, irin ni. Ẹni tó bá ń wo òkè nìkan á ní ọkọ̀ yìí ṣì le, kó jẹ́ pé ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́ lábẹ́. Òjò mélòó ló ti rọ̀ sí i níbẹ̀ yẹn? Bí a bá gbé bàbá àgbà sẹ́yìnkùlé tí a ò wo ibẹ̀ mọ́, ṣé a lè sọ pé à ń tọ́jú wọn? Ìpatì kì í ṣe ìtọ́jú.

Àpẹẹrẹ kan wà tó wù mí. Lọ́dún 1955, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà láti Yunifásítì Oxford àti Cambridge wa Land Rover méjì láti London, ó di Singapore. Oṣù kẹta ọdún 1956 ni wọ́n débẹ̀. Ọ̀kan nínú ọkọ̀ méjèèjì, èyí tí wọ́n sọ ní Oxford, ni ó bá ara ẹ̀ níkẹyìn ní erékùṣù St Helena láàárín òkun Àtìláńtíìkì. Ibẹ̀ ló ń gbó sí kí wọ́n tó gbé e padà sí Britain. Wọ́n tún un ṣe kó lè rìn, ṣùgbọ́n wọn ò kùn ún bí ọkọ̀ tuntun. Wọ́n fi ibi tó ti tẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà tó ti ṣá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2019, ọkọ̀ yẹn kan náà gbéra ní Singapore, ó sì wọ London lóṣù Kejìlá. Ọ̀kan lára àwọn mẹ́fà ìjọ́sí fẹ́ bá wọn lọ, àìsàn ni ò jẹ́. Ọmọ-ọmọ ẹ̀ ló rọ́pò ẹ̀.

Ká ní wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun bo gbogbo ẹ̀, ta ni yóò wò ó tí yóò mọ ibi tó ti rìn dé? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀dà tuntun, ẹni tó bá lówó á rà á. Orúkọ ilé ìwé wa tí ẹnì kan fi búrọ́ọ̀ṣì kọ sára ilẹ̀kùn ọkọ̀ yẹn, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á.

Àmọ́ ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé ká má yí nǹkan kan padà. Bí ọkọ̀ yìí yóò bá tún gbé ọmọ èèyàn, ó gbọ́dọ̀ ní bẹ́líìtì, kó sì ní bíréèkì tó ń mú. Ẹ̀mí ju mọ́tò lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: ohun tí a fẹ́ ṣe yìí, ṣé a lè dá a padà lọ́la? Bí omi bá dànù tí igbá ò fọ́, a ó pọn òmíràn. Bẹ́líìtì tí a fi nọ́ọ̀tì dè, omi ni. Bátìrì tuntun, iná tó mọ́lẹ̀, táyà tó bá ìwọ̀n ẹ̀ mu, omi ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n irin tí wẹ́dà gé kí ẹ́ńjìnnì Toyota lè ráyè jókòó, igbá ti fọ́ nìyẹn. Òrùlé tí wọ́n fẹ́ rẹ́ yẹn gan-an, nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi dè é. Ẹni tó bá ń wá afẹ́fẹ́ lè tú u sílẹ̀ lónìí, kó dá a padà lọ́la.

Èmi nìkan kọ́ ni mo rò bẹ́ẹ̀. FIVA, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, ti gba àwọn tó ń fi ẹ́ńjìnnì oníná mànàmáná rọ́pò ti àtijọ́ níyànjú pé kí wọ́n ṣe é lọ́nà tó ṣeé dá padà, kí wọ́n kọ àmì sára ohun tí wọ́n bá yọ, kí wọ́n sì kó o pa mọ́. Tiwa ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì tí a bá yọ, àfàìmọ̀ kó má di ti àwọn tó ń ra irin kóńdẹ̀mù kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ilé ìwé nílò ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, pé ẹ̀yà ara Toyota sì pọ̀ lọ́jà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Toyota la fẹ́, ẹ jẹ́ ká ra Toyota. Kí ló dé tí a fi máa ba ọ̀kan jẹ́ ká tó ní èkejì?

Àbá mi rèé. Kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo ara ọkọ̀ náà kí sípánà tó kàn án. Kí wọ́n wo ṣáásì àti bíréèkì kí wọ́n tó ronú ọ̀dà. Ohunkóhun tí wọ́n bá yọ, kí wọ́n kọ orúkọ sí i, kí wọ́n tì í mọ́ sítọ́ọ̀. Kí wọ́n jẹ́ káwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì wà níbẹ̀, kí wọ́n fojú ara wọn rí bí jiá ṣe ń bá ara wọn jẹ. Ẹgbẹ́ wa náà lè kọ orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní Yorùbá bí àwọn mẹkáníìkì ṣe ń pè é, torí a ò rí púpọ̀ nínú wọn nínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Mo bẹ ọ̀gá àgbà wa àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde: ẹ tún un ṣe, ẹ jẹ́ kó rìn, ṣùgbọ́n ẹ má fọ́ igbá. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa lè ní èrò tó dáa ju tiwa lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣẹ́ nǹkan kù fún wọn tí wọ́n máa rò ó lé lórí. Ẹni tí èrò ẹ̀ bá yàtọ̀, kó kọ tiẹ̀ ránṣẹ́ kí táàmù tó parí.