Ta Ló Kọ́ Ọmọ Láti Bú Ara Rẹ̀?

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Nílé ẹ̀gbọ́n mi kan ní Iléṣà, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ń ṣe ìṣirò. Ó ṣì í lẹ́ẹ̀mejì. Ló bá gbá orí ara rẹ̀: "Olódo ni mí! Orí mi ò pé!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Ta ló kọ́ ọ? Àwa náà ni! Ẹnu wa ló ti gbọ́ ọ, nílé àti ní kíláàsì.

Àwa Ìjẹ̀ṣà mọ òṣómàáló dáadáa. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń ta aṣọ àwìn kiri, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n lówó títí wọn ó fi gbà á. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èébú ṣe ń lóṣòó sọ́kàn ọmọ. Ṣùgbọ́n òṣómàáló gbowó, ó lọ; èébú kì í lọ.

Ẹlòmíì á ní, "Ẹ fẹ́ ká kẹ́ ọmọ bà jẹ́ nìyẹn!" Irọ́ ni o jàre. Ẹ bá ọmọ wí. Ẹ sọ pé, "Ìṣirò yìí kò tọ̀nà, tún un ṣe." Iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ bá wí, kì í ṣe orí ọmọ.

Ẹ wo Òṣogbo tí kò jìnnà sí wa. Dúró Ládípọ̀ dá Mbari Mbayo sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1962. Nígbà tí Georgina Beier ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àwòrán yíyà ní 1964, ọ̀pọ̀ wọn ni kò kàwé púpọ̀. Jimoh Buraimoh, iṣẹ́ iná ló ń ṣe fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládípọ̀. Twins Seven-Seven, oníjó ni. Bí wọ́n bá ti sọ pé, "Kí ni irú èmi mọ̀?", ta ni ì bá gbọ́ orúkọ wọn? Iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ Buraimoh di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká; UNESCO sì dá Seven-Seven lọ́lá ní 2005.

Oògùn rẹ̀ kò jìnnà. Bí àjèjì bá fẹsẹ̀ kọ lójú títì, ṣebí "pẹ̀lẹ́" là ń kí i? Kí ló dé tí ọmọ kò lè kí ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Àwọn ìyá wa a máa fi oríkì jí ọmọ láàárọ̀, kó lè mọ̀ pé òun níyì. Ẹ kọ́ ọmọ kó fi pe ara rẹ̀ nígbà tó bá ṣìṣe.

Mo kọ́ ọmọ yẹn. Ó ní, "Àjàní, pẹ̀lẹ́, tún un ṣe." Ó tún un ṣe, ó tún ṣì í. Ṣùgbọ́n kò gbá orí mọ́. Pẹ́ńsù rẹ̀ ló gbé.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin òbí, ó kù sọ́wọ́ yín.