Kí Ọmọ Rẹ Obìnrin Kọ Orúkọ Ìyá Rẹ̀ Àgbà Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin àti gègé ìkọ̀wé ni.

Lọ́dọ̀ wa ní Imoru níhìn-ín, bí a bá fẹ́ so yìgì, tí a bi ìyàwó ní orúkọ bàbá rẹ̀, kíá ni yóò dáhùn. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé ta ni ó bí ìyá rẹ̀, láti ìlú wo ni ó sì ti wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa wo ojú àwọn àgbà. Ọmọ tí ó kàwé títí, tí ó mọ orúkọ ọba ilẹ̀ òkèèrè, kò mọ orúkọ ẹni tí ó pọn ìyá rẹ̀ dàgbà! Ẹ̀yin ènìyàn mi, èyí kò yẹ wá.

Ẹ gbọ́ ìtàn ọmọbìnrin kan. Ní ọdún 1793, ní Degel ní ilẹ̀ Haúsá, a bí ìbejì fún Shehu Usman dan Fodio. Èyí ọkùnrin ń jẹ́ Hasan. Nílẹ̀ Haúsá, bí ìbejì kan bá jẹ́ Hasan, tí èkejì sì jẹ́ obìnrin, Husaina ni à ń retí pé yóò jẹ́, bí Táyé àti Kẹ́hìndé ti rí lọ́dọ̀ wa. Shehu kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Asma'u ni ó sọ ọ́.

Ta ni Asma'u àkọ́kọ́? Ọmọ Abubakar ni, ọ̀rẹ́ Anabi wa Muhammad, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a. Ní ọdún 622, nígbà tí Anabi àti Abubakar ń ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà, Asma'u fa ọ̀já tí ó gbà mọ́ ìdí ya sí méjì, ó sì fi di oúnjẹ ọ̀nà fún wọn. Orúkọ tí a fún ọmọ yìí kì í ṣe orúkọ lásán. Ìtàn wà nínú rẹ̀.

Maimuna, ìyá ọmọ náà, kú nígbà tí ọmọ ṣì kéré. Ṣùgbọ́n ilé ìmọ̀ ni a bí i sí. Ìyá Shehu àti ìyá rẹ̀ àgbà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ́ Shehu fúnra rẹ̀ ní kéú. Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin yìí gbé wàláà, tí ó ti kálámù bọ inú tàdáwà, iṣẹ́ àwọn ìyá rẹ̀ ni ó ń ṣe.

Ọmọ nǹkan bí ọdún 11 ni nígbà tí ilé wọn ṣí kúrò ní Degel lọ sí Gudu ní 1804. Nígbà tí ó dàgbà, ó fi ewì kọ ìrìn-àjò náà sílẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1817, ó wà lára àwọn tí ó kó ìwé rẹ̀ jọ. Ó kọ̀wé ní èdè Lárúbáwá, Fúlàní àti Haúsá. Ó kọ́ àwọn obìnrin, wọ́n sì ń gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ sí abúlé. Yan Taru ni à ń pè wọ́n. Nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Halima kú, ó kọ ewì dárò rẹ̀, ó sì ròyìn ìwà rere rẹ̀. Halima kì í ṣe ayaba, ṣùgbọ́n a mọ̀ ọ́n títí di òní nítorí pé obìnrin kan mọ̀wé kọ. Nana Asma'u fúnra rẹ̀ kú ní 1864. Ní 1997, Jean Boyd àti Beverly Mack tẹ àkójọ ìwé rẹ̀ jáde.

Àwọn kan yóò wí pé kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi ìwé kíkọ ṣe. Ẹ rántí pé Hafsa, ìyàwó Anabi, kọ́ ìwé kíkọ lọ́wọ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Shifa. Ọ̀dọ̀ Hafsa yìí kan náà ni a fi ojú-ewé Àlùkùránì tí a kọ́kọ́ kó jọ pamọ́ sí.

Àwọn mìíràn ń tijú. Wọ́n ní àwọn ìyá àgbà àwọn kò kírun, òrìṣà ni wọ́n ń bọ, nítorí náà kí a pa orúkọ wọn rẹ́. Rárá o! Ìyá Asma'u, ọmọ Abubakar, kò tíì gba Ìsìláàmù nígbà tí ó wá kí ọmọ rẹ̀ ní Mẹ̀dínà. Asma'u bi Anabi bóyá kí òun ṣe dáadáa sí i, Anabi sì ní kí ó ṣe é. Ikrima gba Ìsìláàmù, síbẹ̀ ọmọ Abu Jahl ni à ń pè é títí di òní. A kò bọ ohun tí wọ́n bọ, ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé kì í ṣe àwọn ni ó bí wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kan òfin pẹ̀lú. Ẹni tí a kò mọ bí ó ti bá òkú tan, báwo ni a ó ṣe pín ogún fún un? Àwọn tí wọ́n jọ mu ọmú obìnrin kan ní kékeré, ọmọ ìyá ni Ìsìláàmù kà wọ́n sí, wọn kò gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn. Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ta ni yóò rántí ní ogún ọdún sí i?

Nítorí náà, ìwọ bàbá, ra ìwé ìkọ̀wé kan fún ọmọ rẹ obìnrin. Ìwọ ọmọ mi, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, jókòó ti ìyá rẹ àgbà. Bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀, kí ni oríkì rẹ̀, ìlú wo ni ó ti wá, ta ni ó kọ́ ọ ní kéú, iṣẹ́ wo ni ó ṣe, ọmọ ta ni ó fún lọ́mú. Bí ó bá ń ki oríkì, má ṣe já a gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Kọ ọ́ bí ó ti wí i. Kọ ọjọ́ náà sí òkè ìwé, kí o sì kọ orúkọ tìrẹ sí ìsàlẹ̀, nítorí pé ìwọ náà wà nínú ìtàn náà.

Àgbà kì í dúró de ìgbà tí ọwọ́ wa bá dilẹ̀. Ọlọ́run kí ó dá wọn sí fún wa, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí ohun rere kà nípa wa. Àmín.