Ta ló gba London sílẹ̀ ní 1940?

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́ àti Tógò: Àwa olùkọ́ tí wọ́n fi èdè Faransé tọ́, a jẹ yín ní gbèsè kan. Ọdọọdún là ń kọ́ àwọn ọmọ pé ní 18 oṣù kẹfà 1940, de Gaulle sọ̀rọ̀ lórí rédíò láti London. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, a ó sì ṣí ojú ìwé tó kàn. A kì í bi wọ́n léèrè ohun tó jẹ́ kí London ṣì dúró lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Bí ẹnìkan bá tiẹ̀ bèèrè, "ìgboyà àwọn awakọ̀ òfúrufú" ni ìdáhùn. Àwa ò gbà. Ìgboyà wà lóòótọ́: nínú àwọn ọmọ ogun òfúrufú tí kò ju bí 3,000 lọ, 544 ló kú. Ṣùgbọ́n Faransé náà ní akọni awakọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni Jámánì fi ṣẹ́gun rẹ̀.

Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ní ni ètò ìdáàbòbò ilé. Kí ogun tó dé ni Hugh Dowding, olórí àwọn ọkọ̀ òfúrufú ajà-fún-ilé, ti tò ó. Rádà etí òkun á rí ọ̀tá nígbà tó ṣì wà lórí omi. Bí ọ̀tá bá ti kọjá sórí ilẹ̀, rádà ò rí i mọ́, nítorí ojú òkun ló kọjú sí. Ibẹ̀ ni àwọn ará ìlú bí 30,000 ti gbà á, pẹ̀lú awò ìwòran àti tẹlifóònù, wọ́n ń wo ojú ọ̀run tọ̀sán-tòru. Gbogbo ìròyìn á dé Bentley Priory, àwọn ọmọbìnrin á sì máa fi ọ̀pá ti àmì kiri lórí tábìlì ńlá tí àwòrán ilẹ̀ wà lórí rẹ̀. Awakọ̀ ò ní máa fi epo ṣòfò kiri. Ibi tí ọ̀tá ń bọ̀ gan-an ni wọ́n á rán an sí. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ajà Jámánì tó bá dé òkè London, epo tó kù fún un láti jà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ará Gẹ̀ẹ́sì tó bá fò bọ́ sílẹ̀ láyè, ilé ara rẹ̀ ló bọ́ sí, ó lè padà sójú ogun. Ti Jámánì di ẹlẹ́wọ̀n.

Ọ̀pọ̀ wa tó ka ìwé Faransé ń bínú sí Dowding. Ní 16 oṣù karùn-ún, tí Faransé ń bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ̀ sí i, ó kọ̀wé sí ìjọba rẹ̀ pé bí wọ́n bá kó agbára ilé lọ síbẹ̀ tán, Gẹ̀ẹ́sì náà á ṣubú. Àwa ò bínú. Ká ní wọn ò gbọ́ tirẹ̀ ni, níbo ni de Gaulle ì bá ti máa sọ̀rọ̀?

Ẹlòmíràn á ní ọkọ̀ ogun ojú omi ló dá Hitler dúró. Wọ́n lágbára, a gbà. Ṣùgbọ́n nínú àṣẹ tí Hitler fúnra rẹ̀ pa, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ́ agbára òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì kí ẹnikẹ́ni tó sọdá. Wọn ò rí i fọ́. Ní 17 oṣù kẹsàn-án, ó sún ìsọdá náà síwájú láìdá ọjọ́. Àwọn ará ìlú ló san owó rẹ̀: bọ́ǹbù pa ju 40,000 nínú wọn títí di oṣù karùn-ún 1941. Dowding ńkọ́? Oṣù kọkànlá 1940 ni wọ́n yọ ọ́ nípò.

Ẹ má sì sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Abẹ́ Pétain ni Dahomey tiwa wà nígbà náà, pẹ̀lú gbogbo ilẹ̀ tí Dákà ń darí.

Lọ́dún yìí, tí a bá dé orí 18 oṣù kẹfà, a ó kọ́kọ́ ya tábìlì àwọn ọmọbìnrin yẹn sójú pátákó kí a tó dárúkọ de Gaulle.