Yàrà àti Afárá Inú Irin: Ta Ló Ní Yorùbá Kò Lè Ṣàlàyé Ẹ̀rọ?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni mo gbé wá lónìí, bẹ́ẹ̀ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mí, n kì í ṣe ẹnjiníà. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á dópin. Ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ èdè náà ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ní yunifásítì gbé àwòrán iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wá hàn mí. Àwòrán rótọ̀ ni, ìyẹn irin róbótó tó ń yí nínú mọ́tọ̀ oníná. Àwọn ihò tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ wà nínú rẹ̀. Mo bi í pé kí ni iṣẹ́ wọn. Ó ka ìtumọ̀ wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ka orí-ìwé. Mo ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó dákẹ́, ó ní, "Ẹ má bínú, sà, kò ṣeé sọ ní Yorùbá."

Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ tako.

Mọ́tọ̀ tí a ń wí yìí kò ní òòfà lára rótọ̀ rẹ̀, kò sì ní wáyà níbẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tí a tò léra ni, pẹ̀lú ihò tí afẹ́fẹ́ wà nínú wọn. J. K. Kostko ti kọ̀wé nípa irú rẹ̀ láti ọdún 1923. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò nílò neodymium tí a fi ń ṣe òòfà alágbára, èyí tí ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ ń ti Ṣáínà wá.

Báwo ló ṣe ń yí? Kọ́ìlì tó yí rótọ̀ ká ló ń mú agbára òòfà jáde, agbára náà a sì máa yí po. Inú irin rọrùn fún un láti gbà. Inú afẹ́fẹ́ ṣòro. Rótọ̀ a máa yí tẹ̀lé e, kí ojú ọ̀nà irin rẹ̀ lè bá a mu. Bí ìyàtọ̀ láàrin ọ̀nà tó rọrùn àti èyí tó ṣòro bá ti pọ̀ tó ni agbára mọ́tọ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Kí ni kí a wá pe àwọn ihò tó ń dí ọ̀nà yìí? Àwọn kan á ní "báríà". Èmi ní yàrà. Láyé ogun, yàrà ni àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yí ìlú ká kí ọ̀tá má baà ráyè wọlé. Irin tín-ín-rín tó so etí yàrà kan mọ́ èkejì ńkọ́? Afárá ni. Bí a ti sọ wọ́n lórúkọ báyìí, ìṣòro wọn hàn: ibi tí afárá bá wà lórí yàrà, ọ̀tá á gba ibẹ̀ kọjá. Bí afárá bá ṣe nípọn sí i ni agbára òòfà ń jò gba ibẹ̀ sí i.

Kí ló dé tí a kò wó afárá dànù? Ẹ rántí òkò inú kànnàkànnà. Bí a bá ṣe ń fì í kíkankíkan sí i ni okùn ń le sí i. Afárá ni okùn tó di irin ìta rótọ̀ mú. Bí eré bá di ìlọ́po 2, agbára tó fẹ́ fa irin náà ya á di ìlọ́po 4. Kí a mú rótọ̀ tó ń yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, kí a ní kó yí ní ìgbà 30,000: eré di ìlọ́po 20, agbára ìfàya di ìlọ́po 400! Afárá tí kò nípọn tó mìlímítà kan lè já.

Ẹni tó ń ya rótọ̀ fún eré àsápajúdé gbọ́dọ̀ wá ìwọ̀n. Á yí igun yàrà po, torí pé ibi igun ṣóńṣó ni irin ti ń kọ́kọ́ sán. Á fi afárá mìíràn sí àárín yàrà. Àwọn mìíràn a máa fi carbon fibre di rótọ̀ yí ká. Ọ̀já ni mo pe ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀já ń mú kí àlàfo láàrin rótọ̀ àti ibùdó kọ́ìlì fẹ̀ sí i, agbára a sì dín kù.

Nígbà tí mo dárúkọ yàrà àti afárá, ọmọ náà fò sókè: "Á jẹ́ pé bí mo bá mú afárá nípọn, òòfà á jò, bí mo bá mú un tẹ́ẹ́rẹ́, rótọ̀ á fọ́!" Yorùbá ló fi sọ ọ́.

N kò ní kí a lé ọ̀rọ̀ àyálò dànù. Rótọ̀, mọ́tọ̀ àti kọ́ìlì ti di tiwa. Ohun tí mò ń wí ni pé ọ̀rọ̀ tó bá gbé ìdí nǹkan dání, kí ó jẹ́ èyí tí ọmọ mọ̀ láti ilé. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tó fi dórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. N kò fara mọ́ ọn. Ọmọ tó bá há ọ̀rọ̀ sórí lè yege ìdánwò. Ọmọ tó bá mọ ìdí ni yóò ya rótọ̀ tuntun.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ wá jókòó tì wá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ má sá fún ẹ̀rọ. Bí ẹ bá sì ní orúkọ tó dára ju yàrà, afárá àti ọ̀já lọ, ẹ fi ránṣẹ́.

Ire o.