Ẹni tí a Ṣe Iṣẹ́ Abẹ Inú fún Kò Gbọdọ̀ Dùbúlẹ̀ Títí

Bí wọ́n bá gbé ọmọ Yorùbá jáde láti yàrá iṣẹ́ abẹ ní Ọsibítù Barau Dikko ní Kàdúná, tàbí ní St. Gerard's ní Kakuri, kíá ni àwọn ará ilé àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ yóò yí ibùsùn rẹ̀ ká. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Rọra sùn, má ṣe dìde, kí ojú ibi tí wọ́n rán má baà tú." Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò ní ìmọ̀ nínú a máa pani.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ inú, ẹ̀jẹ̀ a máa tètè dì. Bí ẹsẹ̀ kò bá sì mira, ẹ̀jẹ̀ inú iṣan rẹ̀ a lọ́ra bí omi adágún. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá já kúrò ní ẹsẹ̀, tí ó lọ dí iṣan inú ẹ̀dọ̀fóró, ẹni tí ó ti ń mu ẹ̀kọ tí ó sì ń rẹ́rìn-ín lè kú lójijì. Àwọn ènìyàn yóò wá máa sọ pé ayé ni ó ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ni ìdènà wà. Ní ọdún 1975, ìwádìí kan tí wọ́n darí láti London lórí aláìsàn tí ó lé ní 4,000 fi agbára abẹ́rẹ́ heparin hàn. Nínú àwọn tí kò gbà á, ènìyàn 16 ni àrùn yìí pa. Nínú àwọn tí ó gbà á, 2 péré ni. Dókítà ni yóò sọ ẹni tí ó yẹ, nítorí abẹ́rẹ́ náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí ará ilé béèrè.

Ìrìn kò ní owó nínú. Bí nọ́ọ̀sì bá ti ní kí aláìsàn dìde, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ dì í mú, kí ó rìn díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n má sì ṣe kánjú gbé e sínú mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Òṣogbo láìgba àṣẹ dókítà, nítorí ìjókòó wákàtí púpọ̀ náà ń fa ewu yìí, ewu náà sì lè wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tí àyà bá ń dunni tàbí tí èémí kò já gaara, ọsibítù ni kí wọ́n sáré lọ.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹsẹ̀ ni ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún yóò fi ṣọ́ ẹ̀mí rẹ̀.