Ẹ̀sùn Lórí Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Kan ní Dansoman

Bóòtù kan wà lórí tábìlì tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ó gùn tó ìka àárín mi. Eruku sìmẹ́ńtì ṣì wà lára eyín rẹ̀, ìpẹtà sì ti ń jẹ ẹ́ lọ́rùn. Ọwọ́ lásán ni mo fi fà á yọ lára ògiri, mi ò lo òòlù, mi ò lo sípánà. Lára ògiri yẹn ni wọ́n ti fẹ́ so okùn kọ́ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ìdí tí mo fi pe ẹjọ́ nìyẹn.

Ẹni tí mo pè lẹ́jọ́ kì í ṣe ọ̀tá mi. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni, ó sì jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní júwe ilé náà débi tí ẹnikẹ́ni á fi dá a mọ̀. Ó ṣáà wà ní Dansoman, ní ìwọ̀-oòrùn Accra, lára àwọn ilé tó ti pẹ́ níbẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Wọ́n ń gbé òkè rẹ̀ nígbà kan, wọ́n sì ń tẹ̀wé nísàlẹ̀, kó tó wá di ibi tí wọ́n ń kó ẹrù àlòkù sí. Ẹ̀gbọ́n gbà á, wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ ọ́ di jíìmù ògiri gígun: wọn á kan ohun ìdìmú aláràbarà mọ́ ògiri, ọmọdé àtàgbà á máa fi okùn sídìí gùn ún, bí akọ̀pẹ ṣe ń fi igbà gun ọ̀pẹ.

Èrò yẹn kò burú rárá, kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀. Eré ìdárayá gidi ni ògiri gígun. Wọ́n ti fi í kún eré Òlíńpíìkì láti ìgbà ti Tokyo, èyí tí wọ́n ṣe ní 2021. Àdúgbò wa náà sì mọ eré. Liberty Professionals, tí pápá Carl Reindorf tó wà ní Dansoman níbí jẹ́ ilé wọn, ni Michael Essien àti Asamoah Gyan ti gbá bọ́ọ̀lù kí Yúróòpù tó mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ kan ẹ̀ṣẹ́ á gba Bukom lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n fọ́ òun nímú, ibo ló ń lọ lọ́jọ́ Sátidé? Ẹ̀gbọ́n ronú kan irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo gbóríyìn fún wọn lórí ìyẹn, ibẹ̀ sì ni oríyìn mi parí sí.

Ẹ̀sùn kìíní: wọ́n yọ ìgbànú ilé.

Ògiri gígun ń fẹ́ gíga. Èyí tí wọ́n fi ń díje ta ló yára gùn jù lágbàáyé ga ní mítà 15. Yàrá ìsàlẹ̀ ilé yìí kò ga tó mítà mẹ́rin. Kí ni ẹ̀gbọ́n ṣe? Wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin kan wá pẹ̀lú òòlù ńlá, wọ́n ní kí wọ́n fọ́ dẹ́kìn àárín kí òkè àti ìsàlẹ̀ lè di yàrá kan. Mo débẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Oòrùn ń ti ojú fèrèsé òkè tàn dé ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Irin inú kankéré ti yọ síta bí egungun ẹja tí ológbò jẹ kù, ó pupa fòò, ó sì ń ṣí ní ìpẹ́ ìpẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà jókòó sí eteetí dẹ́kìn tó kù, ó ń jẹ wáákyé.

Ẹni tí kì í ṣe kọ́lékọ́lé (kọ́lékọ́lé ni mo wí o, kì í ṣe kólékólé) lè rò pé iṣẹ́ dẹ́kìn kò ju ká máa rìn lórí rẹ̀ lọ. Dẹ́kìn náà ló ń di òpó àti ògiri mú láàárín, kí wọ́n má baà tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mú sìpàgẹ́tì gbígbẹ kan, gbé e nàró lórí tábìlì, kí o fi ìka tẹ orí rẹ̀: ojú ẹsẹ̀ ni yóò tẹ̀ kọ̀ọ̀rọ̀. Ṣẹ́ ẹ sí méjì, kí o tẹ ìdajì rẹ̀, wàá rí i pé ó ń bá ọ jà. Ohun tí gbogbo ẹnjiníà kọ́ nílé ìwé ni pé bí òpó tẹ́ẹ́rẹ́ bá pàdánù ohun tó dì í mú láàárín, tí gígùn tó dá dúró sì di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń kọ títẹ̀ á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ohun tí wọ́n ṣe sí òpó mẹ́fà nìyẹn láàárín ọjọ́ mẹ́rin, wọn ò sì fi bíìmù kankan rọ́pò ohun tí wọ́n yọ.

Ilẹ̀ Accra kì í sì í ṣe ilẹ̀ tó sùn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1939, ó mì tìtì, ó pa ènìyàn, ó sì ba ilé jẹ́ débi pé ìjọba òyìnbó kọ́ ilé tuntun fáwọn tí kò ríbi gbé mọ́; Mamprobi tó múlé tì wá wà lára ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 2020, ó tún mì. Ọ̀pọ̀ wa ló sá jáde tòun ti aṣọ oorun. Nígbà tí mo rán ẹ̀gbọ́n létí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Àbúrò, ilé àtijọ́ le ju ti ìsinsìnyí lọ.” Ó le lóòótọ́, nígbà tí dẹ́kìn rẹ̀ ṣì wà níkùn rẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì ni ti bóòtù.

Okùn tí wọ́n fi ń gun ògiri á gba inú ìkọ́ kan kọjá lókè, á sì padà wálẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó dúró ti agùngiri. Bí agùngiri bá yọ̀, ìkọ́ yẹn kò ru òun nìkan. Fífà tirẹ̀ àti fífà ẹni tó di okùn mú, ìkọ́ ló ń pa méjèèjì pọ̀ rù. Nínú ìlànà tí wọ́n fi ń dán okùn wò ní Yúróòpù, ìṣubú tó le jù gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró láìjẹ́ pé fífà rẹ̀ kọjá nǹkan bí ìwúwo kílò 1,200. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tó bá máa gba okùn yẹn mú gbọ́dọ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kí wá ni ẹ̀gbọ́n lu bóòtù mọ́? Bíríkì yanrìn oníhò. Ìkarahun rẹ̀ kò nípọn ju ìka méjì lọ, òfìfo ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá di èyí tó wà ní ìwọ̀n àyà mi mú, mo mì í lẹ́ẹ̀kan, yanrìn dà bíi gààrí Ìjẹ̀bú. Mo mì í lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó tẹ̀lé mi wá. Káfíńtà tó dúró nítòsí wò mí, ó wo bóòtù, ó ní òun á fi gọ́ọ̀mù sí i.

Òkun tún wà níbẹ̀. Gba Glefe tàbí Gbegbeyise jáde, o ti dé etí omi. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń jẹ páànù wa àti ẹnu géètì wa kì í fojú fo bóòtù. Má sì sọ fún mi pé wọn á ra sìténílẹ́ẹ̀sì. Ní Thailand, níbi tí wọ́n ti ń gun àpáta etí òkun, sìténílẹ́ẹ̀sì ń kán sára àpáta láìjẹ́ pé ìpẹtà hàn lójú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Títéníọ́ọ̀mù ni wọ́n wá ń lò. Ní Uster, lórílẹ̀-èdè Switzerland, lọ́dún 1985, àjà kankéré ilé ìlúwẹ̀ẹ́ kan jábọ́ nítorí pé àwọn ọ̀pá sìténílẹ́ẹ̀sì tó gbé e kọ́ ti sán. Kílóráìnì ló ń jẹ wọ́n níkọ̀kọ̀. Ènìyàn 12 ló kú. Àwọn baba wa ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Èyí tí wọ́n fi bóòtù ọjà kàn létí òkun, iyọ̀ ló ń dúró dè é.

Ẹ̀sùn kẹta: wọ́n fi àwòrán London tàn wá.

Gbogbo ẹni tó bá ta kò wọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń na fóònù sí. Àwòrán The Castle ni wọ́n ń fi hàn, ilé ògiri gígun kan ní Green Lanes, ní àríwá London. Àwọn ènìyàn wa tó ń gbé Stoke Newington mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó rí bí ààfin ayé àtijọ́, ó ní ilé ìṣọ́ gogoro. Ẹ̀gbọ́n á ní, “Ṣé ẹ rí i? Ilé àtijọ́ ni èyí náà.” Bẹ́ẹ̀ ni, ilé àtijọ́ ni. Àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n kọ́ ọ, ilé ẹ̀rọ ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fa omi fún ará ìlú. Wọ́n fẹ́ wó o ní 1971, aráàlú kọ̀ jálẹ̀, ìjọba sì fi í sábẹ́ ààbò. Ọdún 1995 ló di ibi ògiri gígun. Ẹ wo irú ilé tó jẹ́ ná: wọ́n mọ ọ́n kí ẹ̀rọ onírin ńláńlá lè máa mì jìgìjìgì nínú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ó ga látilẹ̀ wá. Ní Manchester àti Bristol, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sọ di ibi gígun, nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì náà ga látilẹ̀ wá, kò sì sẹ́ni tó ní láti yọ dẹ́kìn ìkùn rẹ̀. Ẹ̀rí tí ẹ̀gbọ́n mú wá, ẹ̀rí tèmi ni. Ilé ló yẹ kó sọ ohun tí agbára rẹ̀ gbé. Tí gíga rẹ̀ kò bá ju mítà mẹ́rin lọ, kí wọ́n ṣe irú èyí tí kò ní okùn, tí wọ́n ń gùn kúkurú tí wọ́n sì ń já bọ́ sórí fóòmù tó nípọn. Irin tó dá dúró lórí ìpìlẹ̀ tirẹ̀ ni kí wọ́n fi gbé pákó rẹ̀ ró, kí ògiri àtijọ́ sinmi. Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ìyẹn kò ní dùn ún wò nínú fọ́tò.

Ẹ̀sùn kẹrin, ti ìwé àṣẹ, ni mi ò lè sọ láìbínú. Lọ́jọ́ Ajé kan, ọ̀dà pupa hàn lára fẹ́ǹsì: kí iṣẹ́ dúró, kí onílé mú ìwé àṣẹ wá. Ẹni tó bá ń gbé Accra mọ ọ̀rọ̀ yẹn, ó kún ara ògiri ìlú débi pé ọmọdé lè fi kọ́ ìwé kíkà. Nígbà tó máa fi di Ọjọ́rú, ọ̀dà funfun ti bò ó. Òòlù kò sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, òfin ilé kíkọ́ ní Ghana sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá fẹ́ yí egungun ilé padà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Act 925 ti ọdún 2016, òfin lórí ìlò ilẹ̀ àti ètò ìlú, kò gbà kí a ṣàdédé yí ìlò ilé padà. Ìwé ẹ̀rí panápaná wà fún ibi tí èrò ń wọ́ sí, ọdọọdún ni wọ́n ń tún un gbà. Ẹ̀gbọ́n kò ní ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ ká rántí Ìta Fáàjì, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019. Ilé gbígbé tó ti gbó ni, ẹnìkan sọ apá kan rẹ̀ di ilé ẹ̀kọ́ láìgba àṣẹ. Ó wó nígbà tí àwọn ọmọ wà ní kíláàsì, ó kéré tán 20 ènìyàn ló bá a lọ. Níbí náà, ní Achimota, ilé ìtajà kan wó ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, ó pa ènìyàn 14. Lẹ́yìn tí òkú ti sùn ni wọ́n máa ń béèrè ìwé.

Ẹ̀sùn karùn-ún kúkurú. Wọ́n fi ayùn gé páànù òrùlé kí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run lè máa wọlé. Páànù tó nípọn, tó láwọ̀ eérú, irú èyí tó wà lórí ọ̀pọ̀ ilé ìgbà yẹn, ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ló wà nínú rẹ̀. Eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sẹ́ni tó bo imú nínú àwọn ọmọ tó ń gé e.

Ẹ̀sùn kan wà tí mo yọ kúrò. Àwọn ará àdúgbò ní ojúkòkòrò ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n. Irọ́ ni. Owó tí wọ́n ti ná síbẹ̀ kò lè padà bọ̀ sápò wọn láàárín ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì mọ̀. Ìfẹ́ ló ń dà wọ́n láàmú, pẹ̀lú ìkánjú. Lórí márùn-ún tó kù, mo ní wọ́n jẹ̀bi.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi igi gbé òkè ilé yẹn ró lónìí, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ pe ẹnjiníà tó lórúkọ lọ́dọ̀ àjọ wọn, kó wá wo òpó mẹ́fà yẹn. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó fún ọmọ, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ẹnjiníà hàn yín, kí ẹ sì kà á. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí bóòtù náà, kó wá sọ́dọ̀ mi. Mi ò ní jù ú nù.