Ọ́ìlì Tí Kò Ní Orúkọ Ni A Kì Í Pààrọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewì, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tí ó wà nínú jíà ẹ̀yìn ọkọ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi mí pé kí ni ó kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú iṣẹ́ mẹkáníìkì, èsì mi ni pé ó kàn mí gan-an. Àìní orúkọ pàtó wà lára ohun tí ó ń ba ọkọ̀ wa jẹ́.

Àwọn baba wa kò fi ojú kan ṣoṣo wo ohun tí ó ń yọ̀. Epo pupa yàtọ̀, àdí yàtọ̀, òróró yàtọ̀, òrí yàtọ̀, ọ̀rá ẹran sì dá dúró ní tirẹ̀. Kò sí ọmọ tí a kọ́ tí ó gbẹ̀kọ́ tí a óò rán níṣẹ́ àdí tí yóò gbé epo bọ̀. Àwọn onísẹ̀ṣe pàápàá mọ̀ pé Èṣù ń gba epo, ṣùgbọ́n àdí ni èèwọ̀ rẹ̀. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ń sọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún wa, ó sì ń kìlọ̀ fún wa nípa ibi tí a kò gbọdọ̀ lò ó sí.

Nígbà tí ọkọ̀ dé, a yá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, a ní ọ́ìlì. Lóòótọ́, àwọn mẹkáníìkì ń sọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì jíà, ọ́ìlì bíréèkì àti ọ́ìlì páwà. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwa tí a ni ọkọ̀, bí a bá ti ní "mo ti pààrọ̀ ọ́ìlì," ti ẹ́ńjìnnì nìkan ni à ń wí. Èyí tí ó wà lẹ́yìn, tí a kì í rí, tí kò sì ní iná kankan tí yóò tàn níwájú awakọ̀ bí ó bá gbẹ, òun ni a ń gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí à ń sọ. Bí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà, táyà tí ó wà lóde ń rin ọ̀nà tí ó gùn ju ti inú lọ. Bí àwọn méjèèjì bá ń yí bákan náà, ọ̀kan yóò máa wọ́ nílẹ̀. Dífárẹ́ńṣà ni ó ń jẹ́ kí ọ̀kan yára ju èkejì lọ, kí agbára ẹ́ńjìnnì sì máa dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Kí ọdún 1830 tó dé ni Onésiphore Pecqueur, ará Faransé, ti gba ìwé-àṣẹ lórí rẹ̀ fún ọkọ̀ tí ooru omi ń wà. Nínú Hilux, Hiace àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, àpótí irin rìbìtì tí ó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì ni ó ń gbé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré tí táyà iwájú ń fà, inú àpótí jíà gan-an ni ó wà, ọ́ìlì kan náà ni wọ́n sábà máa ń jọ lò.

Eyín jíà ẹ̀yìn kì í kàn yí lára wọn lásán. Wọ́n ń yọ̀ gba ara wọn kọjá lábẹ́ ẹrù tí ó wúwo, débi pé ọ́ìlì lásán yóò fún jáde láàárín wọn, tí irin yóò sì máa ha irin. Ìdí nìyí tí a fi ń po èròjà sọ́fọ̀ àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mọ́ ọ́ìlì yìí, òun sì ni ó fà á tí òórùn rẹ̀ fi le bẹ́ẹ̀. Àmì GL-5 ni ẹ óò rí lára agolo èyí tí ó bá a mu jù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àpótí jíà ọlọ́wọ́ ni ó ń gba GL-5, nítorí ó lè ba àwọn òrùka bàbà inú wọn jẹ́. GL-4 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́. Bí àdí àti epo ni ọ̀rọ̀ náà rí.

Kódà nọ́ńbà ara agolo ń tan ènìyàn. Ẹni tí ó bá rí 80W-90 lè rò pé ó ki ju 20W-50 ti ẹ́ńjìnnì lọ fíìfíì. Rárá o. Ìwọ̀n ọ̀tọ̀ ni a fi ń wọn ti jíà. 90 rẹ̀ kò ju bí 40 tàbí 50 ti ẹ́ńjìnnì lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tòmátò àti ata ni ó ń kó láti òkè ọya wá sí Ìbàdàn. Oṣooṣù ni ó ń pààrọ̀ "ọ́ìlì." Nígbà tí ẹ̀yìn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, ó ní ọ̀nà ni kò dára. Nígbà tí ó kọjá Ìlọrin díẹ̀, jíà náà gán. Wọ́n tú u, ọ́ìlì tí wọ́n bá nínú rẹ̀ kò kún ife kan, ó dúdú bí ọ̀dà, àfọ́kù eyín jíà sì wà nínú rẹ̀. Tòmátò jẹrà, owó jíà tuntun sì gba gbogbo èrè tí ó ń fi pamọ́ fún owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Ohun tí ó sọ fún mi ni pé, "Àbúrò, ṣebí mo máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì!" Kò purọ́. Ọ̀rọ̀ tí a fi lé e lọ́wọ́ ni kò pé.

Iṣẹ́ náà kò sì le. Kí a kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà díẹ̀ kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí a sì gbé e sórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Ìdérí òkè, níbi tí a ti ń rọ ọ́ìlì sí i, ni kí a kọ́kọ́ tú. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ tú ti ìsàlẹ̀, tí ti òkè wá kọ̀ tí kò ṣí, ọkọ̀ tí kò ní ọ́ìlì ni ó kù sí i lọ́wọ́. Kí a wo ohun tí ó lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì ara ìdérí: lẹ́búlẹ́bú irin tí ó dà bí àtíkè kò burú, ṣùgbọ́n àfọ́kù irin ń kìlọ̀ ewu. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti wọ ibẹ̀. Kí a rọ tuntun sí i títí yóò fi dé etí ihò òkè. Kí a sì nu ihò kékeré tí àpótí náà fi ń mí, nítorí bí ó bá dí, afẹ́fẹ́ gbígbóná inú rẹ̀ yóò ti ọ́ìlì gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń fẹ́ èyí láàárín 50,000 sí 100,000 kìlómítà, ṣùgbọ́n ìwé ọkọ̀ yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹrù wíwúwo ń mú kí ó tètè yá. Ní ti ọkọ̀ tí ó bá la àgbàrá kọjá, irú èyí tí ó bo ọ̀nà Lọ́kọ́ja ní ọdún 2022, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀.

N kò sọ pé èdè nìkan ni ẹlẹ́bi. Ọwọ́ ń há, ayédèrú ọ́ìlì sì wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ní ọdún 1984 àti 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóṣé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Awóbùlúyì ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, èyí tí ó jẹ́ kí àwa onímọ̀ èdè lè fi Yorùbá ṣe iṣẹ́ wa. Ta ni yóò ṣe irú rẹ̀ fún awakọ̀?

Àwọn kan yóò fẹ́ kí á ṣẹ̀dá orúkọ gígùn gbọọrọ bíi "ẹ̀rọ-apín-agbára-fún-ẹsẹ̀-ọkọ̀." N kò fara mọ́ ọn. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kò ní ráyè pe ìyẹn. "Ọ́ìlì jíà ẹ̀yìn" tó. Ó kúrú, ó yé ọmọdé, ó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹ́ńjìnnì.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, iṣẹ́ kan rèé. Ẹ mú ìwé àti gègé lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tí ó súnmọ́ yín, ẹ kọ orúkọ tí ó ń pe ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bi í léèrè pé, "Ọ̀gá, ìgbà wo ni a pààrọ̀ ọ́ìlì jíà ẹ̀yìn kẹ́yìn?"

Ire o.